Nọ́ńbà orí bébà lábò kì í ṣe ìdájọ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lára àwọn bàbá, èyí tí wọ́n ń pè ní PSA, ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dìde o. Ẹ̀yin lẹ sábà máa ń wá owó rẹ̀.

Bàbá kan ládùúgbò wa gba bébà ní lábò, wọ́n kọ 7 sí i. 4 ni ọ̀pọ̀ lábò fi ń ṣe ààlà. Ẹni tó bá a kà á ní jẹjẹrẹ ni. Bàbá ò bi dókítà kankan. Ó ta oko ọ̀pẹ rẹ̀, ó kó owó fún alágbo. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi tipátipá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kòkòrò ni wọ́n bá nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ó lo oògùn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò: 3. Àmọ́ oko ọ̀pẹ ti lọ.

PSA kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ìyẹn pròsítátì, ló ń ṣe é, díẹ̀ sì ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọkùnrin. Bí àgbà bá dé tí pròsítátì ń tóbi, á gòkè. Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, á gòkè. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki rọ́bà bọ ojú ìtọ̀, tàbí bí bàbá bá sun ọ̀dọ̀ ìyàwó lánàá, ó lè gòkè. Jẹjẹrẹ náà ń gbé e gòkè. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ò lè sọ èwo ni. Dókítà á fi ìka yẹ ìdí wò (ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í pẹ́), bó bá sì fura, wọ́n á gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ dájú. Nọ́ńbà kékeré náà ò sì ní kéèyàn má fiyè sí ara.

Richard Ablin, ọ̀kan lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí PSA ní 1970, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ní 2010 pé kò yẹ kí wọ́n máa yẹ gbogbo ọkùnrin wò. Èmi ò bá a lọ dé ibẹ̀, torí jẹjẹrẹ yìí ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kéèyàn gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jà, kó fúnni ní bébà, kó gun alùpùpù lọ.

Bí bébà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí yín, ẹ mú un lọ sí ọ̀pìtáàlì Ìpòbẹ́ tàbí ti Ṣakẹ́tẹ́, kẹ́ ẹ bi dókítà pé: kí ló gbé e gòkè, ìgbà wo la ó tún un ṣe?