Lẹ́tà ọ̀sán Ẹtì, àti oṣù mẹ́rin tí òfin ní kẹ́ ẹ fi dúró

Ọ̀sán Ẹtì ni lẹ́tà yẹn sábà máa ń dé. Ẹ ti ń ronú ohun tẹ́ ẹ máa rà lọ sílé, ni wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọjú sí HR. Ìlà bíi mẹ́rin péré ni: wọ́n dúpẹ́ fún iṣẹ́ takuntakun yín, kẹ́ ẹ dá káàdì ọ́fíìsì padà, ó dàbọ̀. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun eléyìí ńkọ́, ta ló sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fún òṣìṣẹ́?

Láti ọdún 2023 ni irú lẹ́tà yìí ti ń pọ̀ sí i. Lóṣù Karùn-ún ọdún náà ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó lọ wá ipò ara ẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní bíi 470 náírà ní báǹkì ti kọjá 1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Ilé iṣẹ́ tó ń ra èròjà látòkè òkun, tó tún ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ gbé e? GSK ní àwọn ń kógbá sílé lóṣù Kẹjọ 2023. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Procter & Gamble náà ní àwọn ò ní ṣe ọjà níbí mọ́, àwọn á kàn máa kó o wọlé ni. Àwọn ńláńlá tí ìròyìn gbé nìyẹn o. Àwọn kéékèèké tó ti ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́, ta ló kà wọ́n?

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé lẹ́tà yẹn ló ń dùn mí jù. Ìjọba wa ò ní owó kankan tí wọ́n ń san fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bíi ti Ìlú Ọba. Tí NSITF wà fún ẹni tó fara pa tàbí tó ṣàìsàn nídìí iṣẹ́. Èyí tó sún mọ́ ọn jù wà nínú òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014: ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà lákáùǹtì ẹ̀ lọ́dọ̀ PFA. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní 100,000 náírà ni owó oṣù tí wọ́n ń wò yọ owó ìfẹ̀yìntì. Òṣìṣẹ́ ń san 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé iṣẹ́ ń san 10, ó jẹ́ 18,000 lóṣù. Ọdún márùn-ún á fún wa ní 1,080,000, tá ò bá ka èrè. Ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ 270,000. Owó oṣù mẹ́ta gan-an ò pé, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ebi!

Kí lèèyàn fẹ́ máa jẹ kó tó dìgbà yẹn? Owó kọ́pórétífù tó fọkàn tẹ̀, wọ́n ti fi yọ gbèsè tó jẹ wọ́n kó tó jáde. Ló bá kù sáwọn áàpù tó ń yáni lówó, àwọn tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àna ẹni pé olè ni wá.

Ìtìjú tún ń náni lówó. Nígbà tí ìwé ìròyìn kan dá mi dúró, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń múra jáde láàárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, tí mò ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ káàdì ìnáwó. Ìyàwó mi ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí ló dé tóun ò gbóhùn àwọn èèyàn nínú rẹ́kọ́dà mi mọ́. Owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ parọ́ yẹn ìbá ra gààrí sílé. Ẹni tí òun àti ìyàwó mi jọ ń dá àjọ ló sì padà júwe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún ara mi.

Ẹ má sáré buwọ́ lùwé tí wọ́n bá kó fún yín lọ́jọ́ Ẹtì náà. Òmíràn wà níbẹ̀ tó ní ẹ ò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Lábẹ́ òfin òṣìṣẹ́, ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan, tàbí owó oṣù kan dípò ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù ni, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì gbìyànjú láti dúnàá-dúrà owó ìdádúró. Òfin ò sọ pé iye báyìí ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa mú. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ ló máa sọ tiwọn.

Ní tèmi, ó yẹ káwọn aṣòfin Àbújá sọ oṣù mẹ́rin yẹn di oṣù kan. Owó òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe owó ìjọba. Wọ́n lè sọ pé a ó jẹ owó ọjọ́ ogbó wa tán. Bóyá. Ṣé ẹni tí onílé lé jáde lóṣù kejì ni yóò máa ro ọjọ́ ogbó?

Àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ nípasẹ̀ alágbàṣe ló tún burú jù: wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù àwọn míì, kò sì dé akáùǹtì. Ẹ tẹ PFA yín láago lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tíṣẹ́ ṣì wà, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè oṣù tí owó wọlé fún yín kẹ́yìn.