Temie Ń Gbé Ẹ̀jẹ̀ Kiri, Àwa Ńkọ́?



Ọ̀rọ̀ ọmọ wa kan ni mo fẹ́ sọ, Temie Giwa-Tubosun. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó kàwé níbẹ̀, ó sì padà wálé. Òkè Ọya níbí ló ti rí aboyún kan lọ́dún 2009 tó ti ń rọbí láti ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn ará ilé ti gba kámú. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́dún 2012 ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní 2016 ó dá LifeBank sílẹ̀ l'Ékòó.

Ojú ọjà lèmi fi ń wò ó. Ẹ̀jẹ̀ inú àpò kì í pẹ́, nǹkan bí ọjọ́ 35 ni. Ó lè máa bàjẹ́ nínú fíríìjì níbì kan kí aboyún máa kú níbòmíràn torí wọn ò rí i. Obìnrin yìí so méjèèjì pọ̀: ọsibítù á pè, wọ́n á wá ibi tí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn wà, ọlọ́kadà á gbé e lọ nínú àpótí tútù. Lọ́dún 2019 ló gba $250,000 nínú ìdíje Jack Ma.

Àwọn kan ní ó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣòwò. Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ra epo ọ̀kadà ni, àbí ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀?

Ohun tó ń dùn mí ni pé Temie ò lè ṣe ẹ̀jẹ̀. Ara èèyàn ló ti ń wá. Àwa tá a máa ń dáwó aṣọ ẹbí kíákíá, bí wọ́n bá ní ká wá fa ẹ̀jẹ̀ fún ìyàwó ẹnì kan, gbogbo fóònù á kú. Ẹlòmíì á ní wọ́n fẹ́ fi ṣe ògùn. Ohun tí wọ́n ń gbà ò sì tó ìdajì lítà, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Mọ̀lẹ́bí wa wà n'Ílé-Ifẹ̀, n'Íbàdàn, n'Ílọrin. Kí wọ́n tó wọkọ̀ débí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Nínú ìwé tí akọ̀wé fi ń gba owó oṣù, kó kọ irú ẹ̀jẹ̀ oníkálùkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Àwọn O negative, kó fi bírò pupa kọ tiwọn, torí gbogbo èèyàn ló lè gba tiwọn. O positive lèmi. Kó kọ mí sí àkọ́kọ́.