Orúkọ Tí À Ń Pe Ara Wa Lórí Alùpùpù

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni a gbé wá lónìí. Kò sí ilé kan ní Parakou tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, láti Banikanni títí dé Zongo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tí a fún àwọn ọmọ kíláàsì wa ni ó gbé e sí wa lọ́kàn.

A ní kí wọ́n kọ ojú ewé méjì ní èdè Faransé, kí wọ́n ṣàpèjúwe àwọn tí ń gun alùpùpù tí wọ́n bá rí láti ilé dé ilé ẹ̀kọ́. A ti rò pé eruku àti ariwo ni a ó kà. Ẹ̀yà ni a kà. Àwọn ọmọ náà ti pín gbogbo ìlú sí ẹ̀yà-ẹ̀yà lórí alùpùpù, wọ́n sì fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Zémidjan kò mọ̀wé, aṣọ rẹ̀ ń rùn fún epo, kò sì bẹ̀rù ikú tirẹ̀ tàbí ti èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń rìn bí ìgbín láàárín títì, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ni ó la títì náà. Obìnrin orí scooter ń na ọwọ́ sí òsì, ó ń yà sí ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti gé páìpù èéfín alùpùpù Ṣáínà rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé òun ń kọjá. Àwọn tí wọ́n ti lo ìsinmi ní Kùtọnù fi ẹlẹ́wù àwọ̀ ewé ti Gozem kún un: agbéraga, tí ń wo tẹlifóònù ju títì lọ. Ní ti ẹni tí ń fi alùpùpù kó kpayo láti ẹnubodè, ọmọ kan kọ ọ́ pé òkú tí a kò tíì sin ni. A rẹ́rìn-ín sí èyí ní òru, àwa nìkan, a sì fún ọmọ náà ní máàkì 15 nínú 20.

Ọmọkùnrin kan kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó fi ìyókù ìwé náà sílẹ̀ ní funfun. A fún un ní òdo.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá dúró sí ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní: “Monsieur, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Zém ni bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn igi máńgòrò tó wà lọ́hùn-ún ni ó máa ń ní kí bàbá rẹ̀ ti sọ òun kalẹ̀ láràárọ̀, kí àwa má baà rí wọn.”

Òdo yẹn dùn wá ju bí a ti lè sọ lọ, nítorí pé àwa náà ti dúró lẹ́yìn igi máńgòrò rí.

Ní ọdún 1989, a ṣì kéré. Àwọn báńkì ìjọba ilẹ̀ wa ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni òṣìṣẹ́ ń lò láìrí owó, ìjọba sì fọwọ́ sí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé pẹ̀lú àwọn àjọ owó àgbáyé. Bàbá wa kékeré ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Kùtọnù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Àpérò Gbogboogbò wáyé ní oṣù Kejì ọdún 1990, gbogbo ilé gbá ijó rédíò, ṣùgbọ́n Àpérò kò dá iṣẹ́ náà padà. Bàbá wa kékeré ra Yamaha Mate 50 àlòkù kan, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè tí a kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn, ó sì bọ́ sí títì. Owó tí ó ń fi ránṣẹ́ ni a fi ra ìwé sixième wa, òun náà ni a fi ra bàtà tí a wọ lọ sí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa láti sọ fún àwọn ará àdúgbò ni pé iṣẹ́ ìrìnnà ni bàbá wa kékeré ń ṣe ní Kùtọnù. Irọ́ kọ́. A mọ̀ pé bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọn yóò fọkàn rò.

Ẹni yẹn ti gba bac kí a tó bí wa. Títí di òní, bí a bá ṣi gbólóhùn Faransé kan sọ níwájú rẹ̀, yóò tún un ṣe láìgbé ojú sókè. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ti dáwọ́ gbígba àwọn tí ó jáde ní yunifásítì síṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí a dá dúró, ni wọ́n bọ́ sórí Mate 50. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé zém kò mọ̀wé, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni kò ti rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni ó ṣe wá fìdí múlẹ̀ tó báyìí?

A rò pé inú orúkọ náà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Fọn ni zémidjan: gbé mi kíákíá. Ohùn èrò tí ń kánjú ni à ń gbọ́ nínú rẹ̀. A kò gbọ́ ti ẹni tí ń wà á. Àwọn ará Tógò ń pe tiwọn ní oléyia, èyí tí í ṣe “ṣé o ń lọ?” Àwọn ará wa ní Nàìjíríà mú ọ̀kadà láti ara iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, ẹ̀fẹ̀ gbáà ni: ẹni tí kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù rí bàlúù tirẹ̀ gùn nínú eruku.

Ní ìhà tiwa níbí, nǹkan mìíràn tún wà nídìí rẹ̀. Ilẹ̀ Borgu ni à ń gbé. Ẹni tí ó bá ti lọ wo Gaani ní Nikki, tí ó ti rí àwọn Wasangari lórí ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ìrù, yóò mọ ojú tí ẹni orí ẹṣin fi ń wo ẹni ilẹ̀. Alùpùpù ni ẹṣin ayé òde òní. Ẹni tí ó ń gun tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ọlọ́lá ni lójú ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi tirẹ̀ gbé ẹlòmíràn gba owó, bí ẹrú tí ń tọ́jú ẹṣin ni wọ́n ń wò ó. Bẹ́ẹ̀, Bajaj kan náà ni àwọn méjèèjì gùn. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀; ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ọlọ́lá orí Bajaj pé nígbà tí ó bá bọ́ sílẹ̀, zém ni yóò dá dúró láti gbé e délé.

Ìjà mìíràn tún wà tí ó ń ro wá lójú ju èyí lọ: ìjà zém àti zém. Ní ìsinmi tó kọjá, a dúró nítòsí ọjà Dantokpa ní Kùtọnù, a ń wá ẹni tí yóò gbé wa. Ẹlẹ́wù ìyeyè kan àti ẹlẹ́wù àwọ̀ ewé kan kọjú síra wọn lórí ẹni tí yóò gbé ìyá àgbà kan. Ẹlẹ́wù ìyeyè ní ẹnì kejì òun ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú tẹlifóònù, pé iléeṣẹ́ ń bù nínú owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Èkejì dá a lóhùn pé òun kò rẹ́ àlejò jẹ rí, iye tí tẹlifóònù bá sọ ni òun ń gbà. Lóòótọ́, òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Gozem bẹ̀rẹ̀ ní Lomé ní ọdún 2018, ó dé ilẹ̀ wa ní ọdún 2019, ó sì ń gba tirẹ̀ lórí ìrìn àjò. Zém orí ìkóríta náà sì máa ń wo bàtà ẹni kí ó tó dá iye. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn méjèèjì pé ta ni ó ni alùpùpù tí ó wà lábẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn yóò jẹ́ ọ̀kan náà: ẹnì kan wà nílé tí ń dúró de owó alaalẹ́. Epo ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kpayo wọ́n lójijì ní gbogbo ilẹ̀ wa, inú ìgò kan náà sì ni ìyeyè àti àwọ̀ ewé ti ń rà á. Àwọn oníbátìrì, tí wọ́n dé ní 2022 pẹ̀lú iléeṣẹ́ tí à ń pè ní Spiro báyìí, ń wo àwọn méjèèjì tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn náà sì ń pe alùpùpù tiwọn ní odi, nítorí pé kì í pariwo. Ìyá àgbà náà fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kò ní gùn. Àlejò tí ó bá ti Ìbàdàn wá máa ń ya ẹnu nígbà tí ó bá rí iye ìyàwó ilé, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ obìnrin tí ń gun alùpùpù fúnra wọn ní ìlú wa. Olùkọ́ obìnrin kan wà ní iyàrá wa tí ń gbé ọmọ méjì, àpò wọn, àti ìdì ìwé ìdánwò kíláàsì mẹ́rin lórí scooter kan. A kò tíì rí i kí ó yà sí ibi tí kò tọ́ka sí. Ọkùnrin tí ó gbá wa léjìká lọ ní ọdún tó kọjá, tí kò bojú wẹ̀yìn, kì í ṣe obìnrin.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn ilẹ̀ wa nìkan ni èyí. Ní ọdún 1964, ní àwọn ìlú etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Clacton àti ní Brighton, àwọn ọ̀dọ́ tí ń gun Vespa àti Lambretta, tí à ń pè ní Mods, kọjú ìjà sí àwọn Rockers, tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ lórí alùpùpù ńlá. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo bí ẹni pé ogun wọ̀lú. Ní 1972, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Stanley Cohen kọ ìwé tí ó fi hàn pé ìròyìn náà ti sọ ọ̀rọ̀ di ńlá ju bí ó ti rí lọ, àti pé ariwo ọ̀hún gan-an ni ó mú kí ìpín náà le sí i. Àwọn ọmọ tí a kọ ẹ̀yà lé lórí bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà ẹ̀yà.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà dé orí òfin. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Jàm̀bá ọ̀nà àti ìwà ọ̀daràn ni ìdí tí wọ́n sọ, a kò sì ní sọ pé kò sí jàm̀bá. Ẹni tí ó bá ti wo bí àwọn zém kan ṣe ń gbé èrò mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan níwájú ọjà Arzèkè kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó bá mú gbogbo wọn pa pọ̀ kì í béèrè ta ni ó ń wọ àṣíborí, ta ni ó ń dúró níbi iná pupa.

A padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé. A sọ ìtàn bàbá wa kékeré fún àwọn ọmọ náà, pẹ̀lú Mate 50 àti irọ́ tí kì í ṣe irọ́ yẹn. Ẹni tí ó gba 15 dojú kọ tábìlì. A pa òdo náà rẹ́, a sì ní kí ẹni tí ó ni ín kọ tirẹ̀ bí ó bá wù ú. Ó mú un wá ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì gbà pé kí a sọ díẹ̀ níbí. Ó kọ pé bàbá òun mọ ilé aláboyún mẹ́ta ní àdúgbò wọn, ó ti fún àwọn ọkọ wọn ní nọ́ńbà rẹ̀ fún òru, tẹlifóònù rẹ̀ kì í sì í kú. Ó kọ pé bàbá òun kì í fẹ́ gbé olùkọ́, nítorí pé olùkọ́ máa ń dúnàá-dúrà jù. Àṣìṣe akọtọ́ mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀. A fún un ní 13.

Ẹ̀yìn igi máńgòrò ni ó ṣì ti ń sọ̀ kalẹ̀. A rí i ní àárọ̀ àná, a wo ibòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Parakou, Ṣábẹ̀ẹ́, Tchaourou àti ibi gbogbo tí ìwé yìí dé, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tí ń gun alùpùpù ní àdúgbò yín ránṣẹ́ sí wa, ní Yorùbá, Dendi, Baatonu tàbí Faransé. Kí ẹ sì kọ orúkọ tí àwọn tí ń gùn ún ń pe ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ìyẹn, ẹ bi wọ́n.