Aládìrẹ Ìtòkú Mọ Ọ̀nà Àbáyọ

Ẹni tó ń pe àdìrẹ ní iṣẹ́ àtijọ́ kò tíì dúró ti ìkòkò aró wa ní Ìtòkú, l'Ábẹ̀òkúta. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ làwọn ìyá wa fi ń ya ọnà. Nígbà tí páànù dé, àwọn ọkùnrin gé e ní bátánì, iṣẹ́ sì yá sí i. Lónìí, àbẹ́là yíyọ́ àti fóòmù là ń lò.

Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ló ń dùn mí jù. A ò lè bá wọn dé iye tí wọ́n ń tà á. Mo wá dojú kọ aṣọ ẹbí: bí ìdílé kan bá fẹ́ ogún ọ̀pá péré, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn lára rẹ̀, a ó ṣe é. Fídíò ìgbà tí à ń tú aṣọ náà ni mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ẹni tó bá rí i kì í sábà ná an mọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ yá owó fún iṣẹ́ yìí, ìwé ilé ni báńkì ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó háyà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin báńkì, ẹ wo ìwé àjọ wa! Ẹni tí kò yẹ àjọ rí yẹ lẹ́ni à ń yá lówó.