Iyùn kì í ṣe òkúta o! Ọ̀rọ̀ rèé fáwọn tó ń lọ wò ó nínú òkun

Tó bá ti di ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, tí wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, iyùn làwọn èèyàn fi ń dára. Àwọn Balógun tó gun ẹṣin, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọrùn òun ṣófo lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ nínú wọn pé kí ni iyùn gan-an, òkúta olówó iyebíye ni wọ́n máa pè é.

Kì í ṣe òkúta rárá. Egungun ẹ̀dá abẹ̀mí kéékèèké kan tó ń gbé nísàlẹ̀ òkun ni. Ojúlówó iyùn pupa táwọn ọba ń lò látijọ́, òkun Mẹditaréníà, lágbègbè Ítálì, ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó kó o wá sí etíkun ilẹ̀ wa ní bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Kì í yára dàgbà: ní odidi ọdún kan, kì í fi mìlímítà kan sanra sí i. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà ti ń wọ ọkọ̀ òkun gàgàrà tí wọ́n ń pè ní kúrùùsì, èyí tó ní yàrá, ilé oúnjẹ àti ilé ijó nínú. Ẹni tó ń gbé ní Houston, èbúté Galveston ni yóò ti wọkọ̀, ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń dúró ní erékùṣù Cozumel ní Mexico. Tó bá ti gúnlẹ̀, ọkọ̀ kékeré ló ń gbé àwọn tó bá sanwó lọ síbi tí iyùn wà. Wọ́n á fi awò omi bojú, wọ́n á ki ọ̀pá èémí bọnu, wọ́n á sì dojú bolẹ̀ sórí omi. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí iyùn tó rí bí ìwo àgbọ̀nrín, òmíràn bí ọpọlọ èèyàn, táwọn ẹja aláràbarà ń gba àárín wọn kọjá. Irú èyí kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ Ojúde Ọba, àmọ́ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Bí ẹnì kan bá ń béèrè pé kí ló dé tí kò sí irú ẹ̀ ní Ogun Waterside, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti kan omi, ẹrẹ̀ ni. Odò àti ọ̀sà ń tú ẹrẹ̀ sókun, bẹ́ẹ̀ omi tó mọ́ gaara tí oòrùn lè wọ̀ ni iyùn yìí ń fẹ́.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè lúwẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ tìtorí fọ́tò bọ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ dá nìkan lọ. Ẹni tó bá sì dá háyà ọkọ̀ tiẹ̀ ní láti máa wo aago, torí kúrùùsì lè má dúró de ẹni tó bá pẹ́.

Èyí tó tún burú ni kéèyàn máa fọwọ́ kàn án, tàbí kó dúró lé e lórí. Ìtàpá ẹ̀ẹ̀kan péré lè ṣẹ́ ohun tó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù. Àwọn míì tiẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ dání wálé. Wàhálà ni wọ́n ń rà! Láti 1996 ni ìjọba Mexico ti fi òfin dáàbò bo iyùn Cozumel, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gbẹ́sẹ̀ lé èyí tí kò bá ní ìwé àṣẹ. Lọ́dún 2019, nígbà tí àrùn kan ń pa iyùn ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n ti àwọn apá kan pa fúngbà díẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn àlejò má wọbẹ̀ mọ́.

Ooru náà ò jẹ́ kó sinmi. Bí omi òkun bá gbóná jù, iyùn á lé àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ ọ jáde, á funfun báláú, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, á kú. Ní April 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé ó ti ń ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé, ẹ̀ẹ̀kẹrin irú ẹ̀ nìyẹn. Kódà, láti 2021 ni Hawaii kò ti jẹ́ kí wọ́n ta àwọn ìpara oòrùn kan tó ní kẹ́míkà tí wọ́n ní ó ń ba iyùn jẹ́.

N'Íjẹ̀bú, iyùn tí èèyàn bá jogún lọ́wọ́ ìyá àgbà, ìsàlẹ̀ àpótí ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, wọn kì í fún ọmọdé ṣeré. Èyí tó ṣì wà láàyè nínú òkun ló yẹ kí wọ́n tún ṣìkẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ni kí wọ́n fi wò ó, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá a.