Owó Aṣọ Ẹgbẹ́ Ni Tàbí Owó Láìfù Jákẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí wa, àti ẹ̀yin àbúrò wa tó ń pàtẹ láti Àrẹ̀mọ dé Ọjà'ba, láti Bẹẹrẹ dé Beyerunka: Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, inú mítíìnì ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó tí a fẹ́ fi ra aṣọ ọdún yìí, kí a fi ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sínú omi, fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ rajà nínú wa. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ báyìí ni ẹ̀rín ta. Ẹnì kan tiẹ̀ ní, "Ṣé òkun ti wá dé Mápó ni?"

Àwa ò bá wọn rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí á sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo orí àtẹ wa ná. Edé tí ẹ ń wọ̀n fún oníbàárà, ẹja gbígbẹ, ẹja òkun, ẹja ọ̀sà, ṣé odò Kúdẹtì la ti ń pa wọ́n ni? Kúdẹtì tí àwa fúnra wa ti fi pàǹtírí dí lọ́fun! Àwọn kan nínú wa ń lọ sí Èpẹ́, ní ọjà ẹja Olúwo. Àwọn mìíràn ń lọ sí Ìgbòkòdá nílẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹni tó bá dúró sí èbúté, iye tí alárobọ̀ bá pè é ló máa san. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹni tó pa á gan-an, á wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, á wọ inú abúlé àwọn apẹja lọ. Èrè ibẹ̀, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́, nítorí ẹja yẹn náà ló ń dé ọwọ́ ẹni tí kò kúrò ní Àrẹ̀mọ rí. Ewu ibẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún ẹni tó wọ ọkọ̀ nìkan.

Ewu náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, 29 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ kan gbéra láti ìpínlẹ̀ Kogí, ó ń lọ sí ọjà Katcha ní ìpínlẹ̀ Niger. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọlọ́jà bíi tiwa. Odò Ọya ni ọkọ̀ náà dà sí, òkú sì sùn lọ bẹẹrẹbẹ. Nígbà tó di 17 oṣù kẹjọ 2025, ọkọ̀ mìíràn tó kó èèyàn tó lé ní 50 lọ sí ọjà Goronyo ní ìpínlẹ̀ Sokoto tún dojú dé. Ti Patigi ní ìpínlẹ̀ Kwara ńkọ́, ní oṣù kẹfà 2023? Ìyàwó ni wọ́n lọ gbé, òru ni wọ́n ń bọ̀, ọkọ̀ kún ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lọ forí sọ igi tó wà nínú omi. Ó lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ.

Ṣé ẹ mọ àwọn tó máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí ọkọ̀ bá dà sí? Apẹja tó wà nítòsí ni, àtàwọn ọmọkùnrin abúlé tó mọ omi í mòòkùn. Kí ìjọba tó dé, àwọn wọ̀nyí ti wọnú omi. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn. Epo tí wọ́n bá jó, àwọ̀n tó bá ya, tiwọn ni. Tí wọ́n bá ti gbé òkú tàbí alààyè jáde tán, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ.

Ẹni tó sì ń bi wá bóyá òkun ti dé Mápó, kí ó bi àwọn àgbà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ 1980. Ògùnpa ò dúró de ẹni tó máa wọkọ̀ wá bá a, òun ló wá bá wa nílé. Ọmọdé ni púpọ̀ nínú àwa tó ń kọ èyí nígbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ Omíyalé ò kúrò létí wa. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún dé, ó wó afárá, ó gbé mọ́tò, ó sì lé ní 100 èèyàn tó kú nínú ìlú yìí. Àwọn tó kọ́kọ́ na okùn sí ẹni tí omi ń gbé lọ, aládùúgbò ni.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi jíjìn mú àpẹẹrẹ wá, nítorí ó jọ tiwa. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Royal National Lifeboat Institution. Ọdún 1824 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ jáde lọ yọ ẹni tó bá kó sínú ewu lójú òkun. Ìjọba kọ́ ló ni ín o. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà ló níṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀; bí wọ́n bá pè wọ́n, wọ́n á pa iṣẹ́ tì, wọ́n á sáré lọ sétí omi. Ìdáwó àwọn aráàlú ló ń gbé ẹgbẹ́ náà ró. Ní oṣù kejìlá 1886, ọkọ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Mexico há sórí iyanrìn létí òkun Lancashire. Ọkọ̀ mẹ́ta jáde lọ láti gba àwọn tó wà nínú rẹ̀ là. Méjì dojú dé, ọkùnrin 27 kú nínú àwọn tó fẹ́ gba ẹlòmíràn là. Opó 16 àti ọmọ 50 ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọkọ̀ kẹta ló kó àwọn 12 tó wà nínú Mexico jáde láàyè.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Ní oṣù kẹwàá 1891, ìlú Manchester ló dìde láti dáwó fún irú àwọn wọ̀nyí. Manchester ò sí létí òkun, bí Ìbàdàn ṣe wà náà ló wà. Ìlú oníṣòwò aṣọ ni. (Aṣọ tí wọ́n ń hun níbẹ̀, àwọn ìyá ìyá wa tà á, wọ́n sì ró o.) Wọ́n fa ọkọ̀ agbẹ̀mílà gba ojú títì, wọ́n so àpò mọ́ igi gígùn, wọ́n nà á dé ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ẹni tó wà lókè lè jù tiẹ̀ sí i. Owó tó lé ní 5,000 pọ́n-ùn ni wọ́n rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tó ń jẹ́ Marion Macara kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa dáwó bẹ́ẹ̀. Ṣé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn ni? Kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ló di ọ̀kẹ́.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí á jẹ́ kí aṣọ ọdún yìí jẹ́ ańkárá, kí á fi léèsì sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Àwa náà fẹ́ràn léèsì, ẹ má rò pé a ò fẹ́ràn ẹ̀. Iye tó bá kù, kí á pín in sí ọ̀nà méjì. Apá kan, kí á fi ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí yóò wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò á wá gbà á, á sì dá a padà. Apá kejì, kí á fi ra okùn, tọ́ọ̀ṣì àti epo fún àwọn apẹja ní èbúté tí a ń lò, kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ tí aburú bá ṣẹlẹ̀ la máa mọ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, tí a bá fẹ́ ra jákẹ́ẹ̀tì, kí á kọ́kọ́ gbé e sínú omi wò. Èyí tó bá ń mu omi bíi kànìnkànìn, òkúta ló dà lọ́rùn ẹni. Ẹni tó bá sì gbé e lé èjìká lásán tí kò de okùn ẹ̀, kò tíì wọ̀ ọ́.

Àwọn kan ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Àmín o. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a ń ti ìsọ̀ wa ní kọ́kọ́rọ́ lálẹ́.

Ìwà tiwa náà wà níbẹ̀. Awakọ̀ á ní ọkọ̀ ti kún, àwa la máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó gbé agbọ̀n kan péré sí i. Ọjà ò tíì tán, àwa la máa ń dá ọkọ̀ dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìró tí a ró ní ìlọ́po méjì àti owó tí a dì mọ́ ìdí, wọ́n á fa ènìyàn wálẹ̀ nínú omi. Ẹ̀yin ọlọ́mọ, ẹ má fi ọ̀já de ọmọ mọ́ ẹ̀yìn nínú ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, tí orí ìyá wà lókè, imú ọmọ lè wà lábẹ́ omi. Ẹ gbé e síwájú, kí òun náà wọ jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara ẹ̀ mu.

Tí ẹ bá rí ẹni tó ń rì, tí ẹ ò sì mọ omi í wẹ̀, ẹ má bẹ́ sí i. Ẹni tó ń rì á dì mọ́ yín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó ṣófo, tí a dé lẹ́nu dáadáa, tí a so okùn mọ́, ẹ jù ú sí i kí ó dì í mú, kí ẹ fà á. Èyí tó ṣófo lábẹ́ àtẹ wa ò lóǹkà.

A ó tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Ìyálọ́jà ní mítíìnì tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sọ tiẹ̀ lójú gbogbo wa, kí ó má sọ ọ́ lẹ́yìn ìsọ̀. Ní báyìí ná, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí Ìgbòkòdá tàbí Èpẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó wá kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ó tó gbéra: ibi tó ń lọ, èbúté tó ti fẹ́ wọkọ̀, ọjọ́ tó fẹ́ dé, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí a lè pè nílé ẹ̀.