Kì í Ṣe Ogbó Ni Ó Ń Mú Ọkọ̀ Rì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Kò sí olùkọ́ tí kì í pa òwe yìí fún ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí àwọn ọmọ náà kúrò ní kíláàsì, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo erékùṣù kan, ọ̀rọ̀ a yí padà. Bí olùkọ́ kan ní Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, bá dábàá irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, tí ó sì sọ pé ọkọ̀ kékeré tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni owó àwọn òbí ká, ohùn mẹ́ta ni yóò dìde sí i. Èkíní yóò ní kí ni ọmọ àárín ilẹ̀ ń wá lórí omi. Èkejì yóò ní ìrìn-àjò olówó pọ́ọ́kú ń tẹ́ ilé-ìwé. Ẹ̀kẹta yóò ní pósí ni ọkọ̀ àtijọ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó sì léwu jù, nítorí pé ó ń bo ẹni tí ó jẹ̀bi mọ́lẹ̀.

Ní ti èkíní, òtítọ́ ni pé Bouaké jìnnà sí òkun. Ó tó nǹkan bí 350 kìlómítà sí Abidjan, ọkọ̀ ojú irin tí ó dé ibẹ̀ ní 1912 ni ó sì so ó mọ́ etí òkun. Ṣùgbọ́n omi ti wá bá ará Bouaké nílé. Nígbà tí ìjọba sé odò Bandama ní Kossou, tí iṣẹ́ náà sì parí ní 1973, adágún ńlá kan tàn kálẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Ó bo oko, ó bo abúlé, ó sì lé àwọn ènìyàn tí ó ju 70,000 lọ kúrò ní ibùgbé wọn. Ọmọ tí ó ń dàgbà ní àgbègbè yìí, ìbáà jẹ́ Baoulé, ìbáà jẹ́ ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n ti Ẹjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn lọ ṣòwò níbẹ̀, kì í ṣe àjèjì sí omi mọ́. Ní Abidjan pàápàá, láti 1980 ni ilé-iṣẹ́ SOTRA ti ń fi ọkọ̀ gbé àwọn òṣìṣẹ́ kọjá lórí ọ̀sà Ebrié, nínú ọ̀sà yìí kan náà ni erékùṣù Boulay sì wà. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tí omi yí ká kò tún ní í há ìtumọ̀ erékùṣù sórí bí ayékòótọ́ mọ́.

Ní ti èkejì, ta ni ó sọ pé ohun tí kò wọ́n kò níyì? Àwọn olówó ayé ní ọkọ̀ tiwọn. Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, lè gba èrò tí ó ju 7,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọjà àti ilé ijó inú ọkọ̀ ni ó ń wò ju òkun lọ. Ọkọ̀ náà kò sì lè yà sí èbúté kékeré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Lórí adágún Volta ní Gánà, ọkọ̀ Yapei Queen fi ọ̀pọ̀ ọdún kó èrò àti iṣu láàárín Akosombo àti Yeji. Ẹni tí ó bá bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn, àárín àwọn oníṣòwò ni yóò jókòó sí, yóò gbọ́ èdè wọn, yóò sì mọ ohun tí omi ń ṣe fún ènìyàn. Ẹ̀kọ́ ni èyí; owó gọbọi kò lè rà á.

Nígbà náà ni ó wá ku ẹ̀kẹta, tí í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ọkọ̀ kan wà lórí adágún Tanganyika tí àwọn ará Jámánì kàn ní 1913. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì í nígbà ogun ní 1916. Wọ́n tún un gbé jáde ní 1924. Ní 1927 ó padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ tuntun, Liemba, ó sì gbé èrò fún ohun tí ó ju 80 ọdún lọ lẹ́yìn náà. Ẹ fi í wé Le Joola ti Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní 1990 ni wọ́n kàn án. Ọmọ ọdún 12 péré ni nígbà tí ó dojú dé ní etíkun Gáńbíà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, 2002. Nǹkan bí 580 ènìyàn ni ó yẹ kí ó gbà. Àwọn tí ó kú ju 1,800 lọ, àwọn tí ó yè kò sì ju 64. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń padà sí ilé-ìwé ní Dakar pọ̀ nínú wọn. Ṣé ogbó ni ó pa wọ́n?

Bí ẹnìkan bá sì ní Sewol ti Kòríà Gúúsù ti gbó, nítorí pé ní 1994 ni wọ́n kàn án ní Jàpáánì, kí ó ka ìtàn náà tán. Ọmọ ilé-ìwé 325 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, 2014, tí wọ́n ń lọ fún ìgbafẹ́ ní erékùṣù Jeju pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn. Àwọn tí ó ni ọkọ̀ ti kọ́ àjà kún un lókè. Wọ́n sì di ẹrù tí ó ju ìlọ́po méjì èyí tí òfin gbà lọ. Bí ọkọ̀ bá wúwo lókè ju bí ó ti yẹ lọ, kò lè na ara rẹ̀ mọ́ bí ó bá fì. Nígbà tí ó fì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ jókòó sí yàrá wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bọ́. Nínú 304 tí ó kú, 250 jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tì rọ̀ mọ́ ni ẹni tí ó bá di ẹ̀bi irú èyí lé ọjọ́ orí ọkọ̀ lórí. Ìwọra ni ó rì í.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni owó ọkọ̀ fi ń dínkù, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀nà kan ni pé oúnjẹ kò ju ẹ̀wà àti ìrẹsì lọ, ibùsùn kò rọ̀, kò sí orin, ọkọ̀ kò sì yára. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀nà kejì ni pé èrò mẹ́ta jókòó sí àyè ẹnìkan, ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó kò kárí, wọn kò sì tún ẹ̀rọ ṣe. Owó tí wọ́n yọ lára èyí, ẹ̀mí ni wọ́n fi san án.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ ènìyàn lọ sí èbúté ni àgbà ọjà náà. Kí ó béèrè iye èrò tí ìwé-àṣẹ ọkọ̀ gbà, kí ó sì ka àwọn tí ó ti wọ̀ ọ́. Kí ó rí i pé ẹ̀wù ìléfòó wà ní ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tú okùn. Bí ó bá rí i pé èrò ti pọ̀ jù, kí ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti san owó, ìbáà jẹ́ pé àwọn atukọ̀ ń bú u ní ojo. Ojo tí ó kó ọmọ wálé sàn ju akọni tí àwọn òbí ń dúró dè ní etí omi lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo èyí bá pé, tí ó wá sé àwọn ọmọ mọ́lé nítorí pé ọ̀dà ara ọkọ̀ ti ṣí, òun náà ti fi ohun tí ó tọ́ sí wọn dù wọ́n.